Ogun Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Kan: Jagunjagun Oníṣẹ́ Púpọ̀ ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Bí a bá ń ka ìtàn àwọn ogun tí ó jà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó parí ní 1900, orúkọ àwọn Balógun ni a sábà máa ń bá pàdé, àti orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n kó. A kì í sábà bi ara wa léèrè ohun tí àwọn akọni wọ̀nyí ń ṣe ní ọjọ́ tí kò sí ogun. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní ayé ìgbà náà, ìjọba kò sì san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni nítorí pé ó ru ìbọn. Báwo ni a ṣe ń sọ ọmọkùnrin kan tí ó gbé ọkọ́ lọ sí oko ní òwúrọ̀ di ẹni tí gbogbo ìlú ń sá sí lábẹ́ ní ọjọ́ ìjà? Èyí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò pọ̀. Mo sì mú Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù fún àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ogun ti kọ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ yìí jù.

Ohun tí ó mú kí ìbéèrè náà bọ́ sí àkókò ni eré kan tí àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ ń ṣe káàkiri ayé lónìí. Ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ni ó gbé e jáde ní ọdún 1974. Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀. Nínú eré náà, olúkúlùkù a máa mọ akọni tirẹ̀ bí ẹni tí ń mọ ère. Yóò yàn bóyá jagunjagun ni akọni náà yóò jẹ́, tàbí ọdẹ aṣọ́gbó, tàbí onídán, tàbí olórin. Ẹni tí iṣẹ́ kan kò bá tó lè da méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó dé òkè nínú èyíkéyìí nínú wọn. Nítorí náà àwọn tí ń ṣe eré náà a máa jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́: àdàpọ̀ wo ni ó dára? Iṣẹ́ wo ni kí á kọ́kọ́ mú? Kí ni a ó pàdánù bí a bá mú ìkejì? Ní tèmi o, àwọn baba wa ní ilẹ̀ Odò Ọ̀tìn ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́. Kì í ṣe eré ni tiwọn. Ẹ̀mí ni wọ́n fi ta á.

ILẸ̀ NÁÀ

Ojú ọ̀nà kan náà ni ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, bí ènìyàn bá ti Òṣogbo ń lọ sí ìhà Ọ̀ffà. Lónìí Ìkìrun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Òkukù sì ni ti Odò-Ọ̀tìn, níbi tí Ìnísà wà pẹ̀lú. Odò Ọ̀tìn tí ń ṣàn kọjá ní agbègbè náà ni ó fún un ní orúkọ.

Ẹni tí ó bá mọ àwòrán ilẹ̀ yóò rí ìyọnu wọn lójú kan náà. Ìlọrin wà ní òkè wọn, Ìjẹ̀ṣà wà ní apá ìlà-oòrùn wọn, Ìbàdàn sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, kò sí ọba kan tí ó lè pàṣẹ kí gbogbo wọn dákẹ́ mọ́. Ní bí ọdún 1840 ni Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, láti ìgbà náà ni agbára Ìbàdàn sì ti gba agbègbè yìí kan, tí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń jókòó sínú ìlú onílùú. Òkukù ní tirẹ̀ ti mọ iná ogun ṣáájú èyí. Kọ́ọ̀kìn ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé tẹ́lẹ̀, ogun Ìjẹ̀ṣà ni ó sì fọ́ ibẹ̀ kí àwọn tí ó kù tó tẹ̀dó sí ibi tí wọ́n wà nísinsìnyí. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àgbẹ̀ ni òun, ogun kò kan òun. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ogun ni òun ń jà, oko kò kan òun.

ỌDẸ NI ÌBẸ̀RẸ̀

Bí a bá bi àwọn àgbà ní iṣẹ́ tí akọni kọ́kọ́ ń kọ́, ìdáhùn wọn kì í yàtọ̀: iṣẹ́ ọdẹ ni. Ọmọdé tí ó tó gbé àpò baba rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Yóò kọ́ bí a ti ń wo ipasẹ̀ kí á sì mọ̀ bóyá ti àná ni tàbí ti òwúrọ̀ yìí. Yóò kọ́ bí a ti ń rìn lórí ewé gbígbẹ láìdún, bí a ti ń dojú kọ atẹ́gùn kí ẹran má baà gbóòórùn ẹni, àti bí a ti ń sùn sínú igbó láìdáná. Yóò kọ́ pẹ̀lú pé ètù wọ́n, nítorí náà a kì í yìnbọn àfi bí ó bá dáni lójú pé yóò bà. Gbogbo èyí ni ológun nílò. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹran kì í yìnbọn padà.

Àwọn ọdẹ ni ojú ìlú. Àwọn ni ó mọ ọ̀nà tí kò sí ní ojú ọ̀nà, ibi tí odò ti fà àti ibi tí ó ti jìn. Nígbà tí wọ́n bá ń lépa ẹran ni wọ́n máa ń rí eléèéfín ibùdó tí ẹnìkan kò sọ fún wọn. Láàárín wọn ni a ti ń yan alóre tí ń ṣọ́ ìlú lórí òkè, Ìkìrun sì jẹ́ ìlú tí òkè yí ká, tí ẹni tí ó bá wà lókè lè rí ọ̀nà jíjìn. Olúọdẹ ni olórí wọn, ìjálá ni orin wọn, Ògún ni ó sì so wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n ọdẹ nìkan kì í ṣe jagunjagun. Ọdẹ a máa dá igbó lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í dá ogun lọ. Ẹni tí ó ti mọ̀ pé òun nìkan ni òun ń pàṣẹ fún ara òun ní láti kọ́ bí a ti ń dúró nígbà tí a bá ní kí á dúró, kí á sì padà nígbà tí ọwọ́ ń yún wa láti lépa. Ètò ogun Ìbàdàn ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní èyí: Balógun ni ó ṣáájú, Ọ̀tún àti Òsì wà ní apá rẹ̀ méjèèjì, Ṣéríkí ni olórí àwọn ọ̀dọ́ akíkanjú, Sárúmi sì ni olórí àwọn ẹlẹ́ṣin. Ọ̀rọ̀ Haúsá tí à ń pe ọba ní «sarki» ni a sọ di Ṣéríkí. Èyí fi hàn pé àwọn baba wa kò kọ̀ láti kọ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń bá jà. Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà tí ó wá di olórí ogun Èkìtìparapọ̀, ìgbèkùn Ìbàdàn ni ó ti jẹ́ rí, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ọgbọ́n tí ó fi bá Ìbàdàn jà.

OÒGÙN ÀTI ÈÈWỌ̀

Iṣẹ́ kejì ni oògùn. Ẹ jẹ́ kí á pín in sí ọ̀nà méjì. Èkínní ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn sí: bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí a ti ń to egungun tí ó ṣẹ́, bí a ti ń fa ọta jáde lára, ewé tí kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ kẹ̀. Ológun tí ó bá mọ èyí lè gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là ní ọjọ́ kan, àwọn tí ó gbà là yóò sì tẹ̀ lé e títí ayé.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí a fi ń bẹ̀rù wọn: ayẹta tí kì í jẹ́ kí ìbọn bani, òkígbẹ́ tí kì í jẹ́ kí idà wọlé, àfẹ́ẹ̀rí tí í sọni di àìrí, egbé tí í gbéni kúrò nínú ewu, kánàkò tí í sọ ọ̀nà jíjìn di ìtòsí. Iṣẹ́ òpìtàn kọ́ ni láti dán wọn wò. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn ṣe ni kí ó wo ohun tí wọ́n ń ṣe láàárín àwọn ènìyàn. Ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ìbọn kò lè ba òun yóò dúró níbi tí ẹlòmíràn ti sá. Ọ̀tá tí ó gbọ́ pé oògùn wà lára ọkùnrin náà yóò yìnbọn pẹ̀lú ọwọ́ gbígbọ̀n. Èyí tó láti yí ìjà padà, bí oògùn náà kò tilẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n oògùn kọ̀ọ̀kan ni ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Òmíràn kò fẹ́ irú oúnjẹ kan, òmíràn kò fẹ́ kí á sún mọ́ obìnrin kí á tó lọ sí ogun, òmíràn kò sì fẹ́ kí omi kàn án. Bí oògùn bá ti ń pọ̀ ni èèwọ̀ ń pọ̀, ẹni tí ó bá sì kó oògùn jọ láìní ìwọ̀n yóò rí i pé òun kò lè jẹun, òun kò lè sùn, òun kò sì lè fi ẹ̀yìn ti ògiri. Nítorí náà ìbéèrè tí àwọn tí ń ṣe eré ń bi ara wọn pé «kí ni n ó pàdánù?» kò ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba wa kò pè é ní òfin eré. Èèwọ̀ ni wọ́n pè é, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí ohun gbogbo wà lára òun yóò ru ẹrù ohun gbogbo.

Ó tún ní ohun tí oògùn ń bèèrè. Yorùbá ní oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Níbo ni owó náà yóò ti wá?

OKO, ÒWÒ ÀTI ÈNÌYÀN

Láti oko àti ọjà ni. Ètù, ìbọn, ẹṣin àti oògùn, kò sí èyí tí a ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ nínú wọn. Ẹni tí kò bá ní iṣu nínú àká kò lè bọ́ ọmọ ogun mẹ́wàá, ẹni tí kò bá sì lè bọ́ wọn, a kì í rí wọn lẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà tí àwọn ológun sábà máa ń jáde, nígbà tí iṣu ti wọlé, tí odò ti fà, tí ọ̀nà sì gbẹ. Òjò ni ó ń dá wọn padà sí oko. Ogun ń tẹ̀ lé àkókò àgbẹ̀, kì í ṣe àgbẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé àkókò ogun.

Òwò pẹ̀lú kò ṣeé fi sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí í ṣe Ìyálóde kó ohun ìjà fún àwọn olóyè ogun ní àwìn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọni tí a ń kì ni ó sì jẹ gbèsè. Ọdún 1874 ni wọ́n pa á. Obìnrin yìí kò yìnbọn kan, síbẹ̀ kò sí ìbọn púpọ̀ tí ì bá dún láìsí owó irú rẹ̀.

Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970 láti kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ibẹ̀, fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1991 pé ènìyàn ni ó ń sọni di ńlá ní ìlú náà. Ilé tí ó kún, ìyàwó, ọmọ, ìbátan, àlejò tí ó wá sá di ọ, àwọn tí ń tẹ̀ lé ọ: èyí ni ọlá. Ọdẹ tí ó pa erin, oníṣègùn tí kò sí àrùn tí kò mọ̀, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò lópin, gbogbo wọn ń wá ohun kan náà. Bí a bá wò ó báyìí, a ó rí ohun tí ó so iṣẹ́ púpọ̀ wọ̀nyí pọ̀. Ẹran ìgbẹ́ ń fa ènìyàn, ìwòsàn ń fa ènìyàn, oúnjẹ ń fa ènìyàn. Ní ọjọ́ ogun, ènìyàn ni a fi ń jà.

A kò gbọdọ̀ fi apá kan yòókù pamọ́. Nínú àwọn tí ó kún ilé àwọn akọni wọ̀nyí ni ẹrú wà, àwọn tí a mú lójú ogun láti ìlú tí kò ṣẹ̀. Ọwọ́ wọn ni ó ro oko tí ó bọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó tún lọ mú ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ń kì jagunjagun fún oko ńlá rẹ̀, kí ó rántí àwọn tí ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn.

OBÌNRIN TÍ Ó DI ODÒ

Kí á má baà rò pé ọkùnrin nìkan ni ó ni ọ̀ràn yìí, ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìnísà sọ pé Ọ̀tìn tí odò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jẹ́ obìnrin akọni tí ó ti Ọ̀tan wá. Nígbà tí ọ̀tá ń da Ìnísà láàmú, ó gbé ohun ìjà, ó sì bá wọn jà fún ìlú náà. Lẹ́yìn náà ni ó di odò. Títí di òní ni wọ́n ń bọ ọ́ ní Ìnísà àti ní Òkukù, tí wọ́n ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìjà nìkan ni àwọn ènìyàn fi ń rántí rẹ̀. Ẹni kan náà tí ó fi idà lé ọ̀tá ni a ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú èrò àwọn tí ó sọ ìtàn náà, agbára láti gba ẹ̀mí àti agbára láti fúnni ní ẹ̀mí kò yẹ kí ó jìnnà síra.

JÁLUMI

Ní ọdún 1878, Èkìtì dìde sí Ìbàdàn lábẹ́ Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí. Ìjẹ̀ṣà, Ìlá àti Ìlọrin dara pọ̀ mọ́ wọn, gbogbo wọn sì dojú kọ Ìkìrun. Balógun Ìbàdàn, Àjàyí Ògbórí-Ẹ̀fọ̀n, kó ogun wá láti gba ìlú náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ni ìjà ńlá náà wáyé, Ìbàdàn sì borí.

Kì í ṣe orúkọ Balógun tí ó ṣẹ́gun ni àwọn ènìyàn fi pe ogun náà. Jálumi ni wọ́n pè é, nítorí pé nígbà tí àwọn tí ó ṣẹ́gun ń lé àwọn tí a ṣẹ́, odò Ọ̀tìn ti kún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì já lu omi, wọ́n sì kú síbẹ̀. Òjò kò tíì dáwọ́ dúró tán ní àkókò náà. Àwọn tí ó ní ẹṣin, àwọn tí ó ní ìbọn, àwọn tí ó so oògùn mọ́ra, omi kan náà ni ó gbé wọn. Nínú ohun gbogbo tí ènìyàn lè kọ́ fún ogun, ohun tí wọ́n nílò ní ọjọ́ náà ni ìmọ̀ tí ọdẹ tàbí apẹja kékeré kan ní agbègbè náà ní: ibi tí a ti ń là odò kọjá.

Jálumi kò parí ogun. Ó tún fẹ́ iná sí i ni. Ogun Kírìjì ni ó tẹ̀ lé e, tí ibùdó Ìbàdàn wà ní ìhà Ìgbájọ, kò jìnnà sí Ìkìrun. Ní àkókò yìí ni àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀, tí wọ́n lọ ń gbé ní Ìkìrun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibí yìí gan-an ni a ti rí ìwúlò iṣẹ́ púpọ̀. Ẹni tí ń sá fún ogun kò lè ru ilé, kò lè ru oko tí ó ti gbìn. Ohun tí ó wà ní orí àti ní ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò bá a dé ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó mọ ewé yóò wo àwọn tí ó gbà á sílé sàn, ọdẹ yóò pa ẹran, àgbẹ̀ yóò tọrọ ilẹ̀. Ẹni tí ó mọ ogun nìkan kò ní nǹkan mìíràn ju pé kí ó wá ibi tí a ti ń jà lọ.

LẸ́YÌN OGUN

Ní ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn ibùdó tó tú. Èé ṣe tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn òpìtàn ti sọ nípa Ìlọrin, nípa ọ̀nà èbúté, nípa ìlara àwọn olóyè. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Nínú àwọn ibùdó náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti dàgbà láìkọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ogun nìkan jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè gbàdúrà kí ogun tán, nítorí pé ọjọ́ tí ogun bá tán ni ebi rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní oko lè sọ ìbọn kalẹ̀, kí ó sì padà sí ẹ̀bẹ.

Àwọn ará Òkukù padà sí ìlú wọn. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì gba ọ̀nà Ìkìrun àti Òkukù lọ sí òkè. Oko àti òwò di ọ̀nà ọlá. Oyè Balógun kò parẹ́, ṣùgbọ́n ó di oyè lásán, kò sì sí ogun kan tí yóò lọ mọ́. Iṣẹ́ tí ó kù ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Àwọn ọdẹ ń ṣọ́ ìlú ní òru títí di òní, nígbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá sì dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí wọ́n pè.

D. O. Fágúnwà rí ọ̀nà mìíràn sí ọ̀ràn náà nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Kò fi gbogbo ìmọ̀ sára ẹnì kan. Kàkó ní agbára àti kùmọ̀, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Àkàrà-ògùn sì ní oògùn, gbogbo wọn sì jùmọ̀ ń lọ. Ìwé náà ti pé ọdún 36 kí eré àwọn ará Amẹ́ríkà tó jáde. Ní ilẹ̀ Ọ̀tìn, ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n lò: olúkúlùkù da iṣẹ́ pọ̀ bí agbára rẹ̀ ti tó, ìlú sì da olúkúlùkù pọ̀.

Ìdáhùn tí àwọn ìlú mẹ́ta yìí fún ìbéèrè àkọ́kọ́ wa nìyí. Iṣẹ́ ọdẹ ni kí á kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun ni ó ń kọ́ ojú àti ẹsẹ̀. Oko ni kí á mú tẹ̀ lé e, nítorí pé òun ni ó ń bọ́ àwọn yòókù. Oògùn wá lẹ́yìn ìwọ̀nyí, níwọ̀n bí ènìyàn bá ti lè ru èèwọ̀ rẹ̀ mọ. Ogun jíjà ni ó kẹ́yìn. Òfin eré sọ pé iṣẹ́ kejì ń fa iṣẹ́ kìn-ín-ní sẹ́yìn. Ní ti àwọn baba wa, iṣẹ́ kan ń bọ́ èkejì ni, àfi ogun nìkan tí í jẹ gbogbo wọn bí a bá jẹ́ kí ó ṣáájú.